Àdá Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Mi

Má dá mi lóhùn! Mo ní má dá mi lóhùn, Gbémisọ́lá, jẹ́ kí n rò ó tán ná, nítorí mo mọ̀ pé bí o bá la ẹnu báyìí, "Bàbá, ẹ jókòó, Bàbá, ẹ mu omi," lo máa sọ, gbé omi rẹ kúrò níwájú mi, omi wo? Omi tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò fún mi láti ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ tí mo gbé lé itan yìí, òní lo wá rí òùngbẹ lójú mi?

Sì dá maṣíìnì yẹn dúró. Mi ò wá sí Ìkòrò wá rán ṣòkòtò. Ẹni tó ni aṣọ yẹn á ṣe sùúrù. Kí lo wá dìde fún? Jókòó, má di tábìlì mú bí ẹni tó fẹ́ sá, mi ò ní lù ọ́. Wo ojú mi. Wò ó dáadáa, ojú tí òjò àti ọyẹ́ ti nà láti ibí dé Sókótó. Ṣé ojú ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí? Fèsì! Háà, òótọ́ ni, èmi ni mo ní kí o má fèsì. Tóò. Èmi náà á jókòó. Èmi ni mo fẹ́ jókòó o, kì í ṣe pé o ní kí n jókòó.

Èmi Fábíyìí! Èmi tí wọ́n bí tẹ̀lé Ògúntóyìn bàbá rẹ, ìyá kan, bàbá kan, ẹní kan la jọ sùn títí irùngbọ̀n fi hù sí wa lágbọ̀n, èmi lẹ dúró yí ká nínú àgbàlá bàbá mi ní Ìjurìn bí ìgbà tí wọ́n bá yí paramọ́lẹ̀ ká, tí ẹ ń pariwo pé Ògún ti mú mi, pé èmi ni mo jẹ ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí kí ni? Nítorí àdá bọ́ lọ́wọ́ mi! Àdá, irin tí mo ti ń mú kí ìyá rẹ tó mọ ọ̀nà ilé wa! Ẹ gbà mí o. Ẹ wo ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ alẹ́ mi.

Mo mọ̀ pé o mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa, bí o tilẹ̀ ń tẹ̀lé ìyá rẹ lọ sí Mẹ́tọ́díìsì, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti sọ mí di apànìyàn. Bí àgbàlagbà bá kú lójijì nílé wa, kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀, gbogbo ẹbí rẹ̀ á tò sí ẹsẹ̀ òkúta Ògún láìwọ bàtà, àdá òkú á wà nílẹ̀, wàá bẹ̀rẹ̀, wàá gbé e, wàá dìde dúró, wàá fi ahọ́n kan irin, wàá ní bí ọwọ́ mi bá wà nínú ikú yìí kí irin yìí má jẹ́ kí n rí àmọ́dún. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ kan ẹnu láti àárọ̀. Omi kò gbọdọ̀ kan ẹnu, obì nìkan ni wọn ò kà léèwọ̀. Ẹni tí wọ́n bí tẹ̀lé òkú gan-an ló ń kẹ́yìn. Èmi nìyẹn. Ẹni mẹ́rìndínlógún ló lá a kí ó tó kàn mí, oòrùn wà lórí mi bí ẹrù igi, Òjó, ọmọ àbúrò bàbá wa, tó sọ ara rẹ̀ di olórí ilé kí òkú tó tutù, dúró síwájú wa, ó ń wo ẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo eyín ewúrẹ́ lọ́jà.

Báwo ni mo ti dé ibẹ̀? Ṣé ẹnì kan bi mí? Mọ́kwà ni mo wà, níbi tí mo ti ń ṣọ́ gẹdú, nígbà tí o pè mí, ìwọ fúnra rẹ, o ní, "Bàbá Mọ́kwà, Bàámi ṣubú lóko, wọn ò dìde mọ́." Mi ò lè gbọ́ ìyókù. Mo gun ọkọ̀ alùbọ́sà, mo jókòó lórí àpò, láti Mọ́kwà dé Ìlọrin, láti Ìlọrin dé Ọ̀mù-Àrán, mo wọ òmíràn dé Ọ̀tùn, dé Ìdó, dé Ìjerò, mi ò fi ẹnu kan nǹkan kan àfi gbàǹja. Bí mo ti ń gbé ayé mi nìyẹn, ogójì ọdún lórí títì ló kọ́ mi: oorun dé, gbàǹja, ebi dé, gbàǹja, ìbànújẹ́ dé, méjì. Nígbà tí mo wọlé, tí mo rí ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹní, tí ẹrẹ̀ oko ṣì wà lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò ka iye tí mo jẹ mọ́. Àwọn tó wá kí wa ń gbé obì kalẹ̀, èmi ń jẹ ẹ́. Kí ni ǹ bá ṣe? Kí n máa gún iyán?

Ó kàn mí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé àdá, mo dìde. Bí mo ti dìde báyìí ni ọkàn mi gbéra. Àní kò lù, ó gbéra! Bí ẹja àrọ̀ tí wọ́n dà sínú garawa tí kò lómi, pà-pà-pà-pà, kò dúró kó mí, ó gun ọ̀fun mi, etí mi di, òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú ó ń bọ̀ láàárín, gbogbo yín ń lọ jìnnà réré bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò, òógùn tútù bò mí. Mo gbọ́ ìró irin lórí òkúta. Mo tilẹ̀ ń rò ó pé ta ló ju nǹkan. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ló ṣófo. Mi ò ṣubú o! Mo di ògiri mú. Mi ò dákú, ó kù díẹ̀ ni, mo sì ń gbọ́ gbogbo yín.

Mo gbọ́ Òjó tó ní, "Ó ti mú un! Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kó jẹ́wọ́!" Òjó tí mo gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí Àràmọkọ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán! Ṣùgbọ́n Òjó kì í ṣe nǹkan kan lójú mi, láti kékeré ni ẹnu rẹ̀ ti ń sáré ṣáájú orí rẹ̀. Ìwọ ni. Ìwọ, Gbémisọ́lá. Nígbà tí ojú mi ń là bọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni Joy ọmọ rẹ, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bọ̀ wá di ẹsẹ̀ mi mú kí n má baà ṣubú, ọmọ ọdún mẹ́rin! O sì fà á sẹ́yìn. Aṣọ rẹ̀ lo fi fà á, títí bọ́tìnnì àyà rẹ̀ fi já. Mo rí bọ́tìnnì náà tó ń yí lọ nílẹ̀. Mo ti sùn nínú gọ́tà ní Kàdúná, àwọn adigunjalè ti fi ìdí ìbọn gbá mi lẹ́nu, eyín mẹ́ta lọ, mi ò sunkún. Bọ́tìnnì yẹn pa mí lẹ́kún.

Kí lo wí? Ẹ̀rù bà ọ́? Ẹ̀rù ba èmi náà, ta ló di èmi mú?

Má sunkún. Mo ní má sunkún, mi ò tíì sọ èyí tó burú.

Láti ọjọ́ náà, abà oko ni mo ń sùn, èmi àti eku. Ìyá rẹ, kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ń gbé oúnjẹ wá, ṣùgbọ́n orí kùkùté lẹ́bàá ọ̀nà ló ń gbé e sí, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì yára yí padà bí ẹni ń bọ́ ajá dìgbòlugi. Àwọn ọjọ́ mìíràn mi ò tilẹ̀ lè gbé e jẹ, ẹ̀gàn ti bo adùn rẹ̀. Òjó ránṣẹ́ pé kí ogójì ọjọ́ tó pé kí n ti kúrò, pé òun kò fẹ́ rí ẹsẹ̀ mi n'ulé mọ́. Ulé! Ulé ta ni? Ulé tí mo fi orí yìí ru búlọ́ọ̀kù rẹ̀? Ṣùgbọ́n ó sú mi. Ìrìn kì í ṣe nǹkan tuntun lẹ́sẹ̀ mi. Mo di àpò mi lọ́jọ́ Ẹtì, mo fẹsẹ̀ rìn dé Ìjerò pé kí n wọ ọkọ̀ Ìlọrin, gbàǹja lẹ́nu, oúnjẹ àná ṣì wà lórí kùkùté, ibẹ̀ ló tún ti mú mi, lẹ́bàá àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀. Pà-pà-pà-pà. Òkùnkùn. Ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Isaac ló gbé mi sáàárín òun àti ẹnì kejì, ó ń bẹ̀ mí lójú ọ̀nà, "Bàbá, ẹ má kú sórí ọ̀kadà mi o, tuntun ni, ẹ jọ̀ọ́." Ilé ìwòsàn kékeré kan ló gbé mi lọ, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan, Jemimah lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ tó ti sójà.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ bi mí léèrè ọ̀rọ̀, Gbémisọ́lá. Lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí! "Bàbá, kí lẹ jẹ lónìí?" Gbàǹja. "Àná ńkọ́?" Gbàǹja. "Omi ńkọ́?" Mo ní omi wo. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ bá tírélà sáré ni?" Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa mí. Ó fi nǹkan wé apá mi nígbà tí mo sùn sílẹ̀, ó ní kí n dìde dúró, ó tún un wé, ó ní ẹ wò ó, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín já wálẹ̀ bí ẹ ti dìde. Ó gún mi níka wo ibà, ó ṣí ìpéǹpéjú mi bóyá ẹ̀jẹ̀ mi kò pọ̀ tó, ó tẹ ọrùn mi bóyá gẹ̀gẹ̀ ń yọ bọ̀, ó bi mí oògùn tí mò ń lò àti àgbo tí mò ń mu, ó ní gbogbo ìwọ̀nyí ló lè lé ọkàn sáré. Mo ní ọmọdé yìí, má da ara rẹ láàmú, Ògún ló mú mi, àdá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé á fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ ti Ògún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹun, tí kò mu omi, tó ń jẹ obì bí ẹni jẹ àgbàdo, tó dúró sínú oòrùn, tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ tó sì dìde lójijì, kí lẹ fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ ṣe? Kó máa kọrin?"

Ṣé o gbọ́? Ṣé o gbọ́ ohun tí àjèjì sọ? Ẹ̀yin mẹ́rìndínlógún, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó bi mí pé, Fábíyìí, ṣé o ti jẹun?

Rárá. Má kúnlẹ̀. Dìde, jókòó, mi ò tíì parí, ibi tó ti ń dùn mí gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Mo ti ń wọ bàtà mi. Inú mi dùn, mo ní mo ti rí ẹ̀rí, màá lọ fi lu Òjó lójú. Nọ́ọ̀sì yẹn ní kí n dúró ná. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé obì àti ebi nìkan ni, pé ọkàn fúnra rẹ̀ lè ní àìsàn tí ojú kò lè rí láti ìta, àfi ẹ̀rọ tó ń ya bó ti ń lù sórí ìwé, òun kò sì ní in, Adó ló wà. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ rántí fún mi. Ṣé ẹnì kan wà nínú ẹbí yín tí irú èyí máa ń ṣe? Tó máa ń dákú? Tàbí tó kàn ṣubú tó kú láìṣàìsàn?"

Gbémisọ́lá, mo bọ́ bàtà tí mo ti ń wọ̀ sílẹ̀.

Nítorí mo mọ̀. Mo ti mọ̀ láti èṣí! Nígbà tí mo wá bá bàbá rẹ já kòkó, à ń gun òkè oko yẹn lọ, ó ṣàdédé dúró, ó di igi kòkó mú, ó fi ọwọ́ kejì tẹ àyà, ojú rẹ̀ rí bí eérú. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ó ń sáré. Jẹ́ ká dúró, á rọlẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan! Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn. Ó bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n mi tí kì í bínú. Ó ní oṣù tó ń bọ̀ ni ọdún Ògún, òun ló máa gbé irin yí ìlú ká, bí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé òòyì ń kọ́ òun, wọ́n á ní Ògún ti kọ òun, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ òun fún Òjó. Ó ní, "Fábíyìí, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Pàápàá Gbémi." Ó ní kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí. Mo wọ ọkọ̀ Mọ́kwà. Mo jẹ gbàǹja. Mo dákẹ́.

Ṣé o wá rí i? Ohun tí ẹ ṣe sí mi lẹ́sẹ̀ òkúta yẹn, ohun náà gan-an ló bà á lẹ́rù, òun ló fi gbé àìsàn pa mọ́ títí tó fi ṣubú lábẹ́ kòkó, òun nìkan, kò sí ẹni tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ó mọ̀ wá. Ó mọ gbogbo wa dunjú.

Nígbà tí mo gbé àdá náà, tó ku kí n sọ pé bí ọwọ́ mi bá wà nínú ikú yìí, ìlérí yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo jẹ́wọ́ ìyẹn fún ọ, mi ò ní jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Òjó láéláé. Ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀. Ògún gbọ́, ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀! Ẹnu mi ló wà níbẹ̀. Ẹnu tí mo pa dé. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ náà máa ń lé ọkàn sáré, bóyá ìyẹn wà nínú ẹ̀, ta ni mo fẹ́ bi? Ẹ̀gbọ́n mi o! Ògúntóyìn! Ìwọ lo ní kí n dákẹ́, mo dákẹ́ fún ọ, o sì dìde lọ!

Hùn.

Jẹ́ kí n mí.

Mi ò wá síbí pé kí o wá bẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí o bẹ̀ mí o, má ṣì mí gbọ́, wàá bẹ̀ mí dọ́ba, ṣùgbọ́n ìyẹn á dúró. Wo ìwé yìí. Méjì ni. Ọ̀kan, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, kí n gbé e lọ sí Adó. Èkejì, nọ́ọ̀sì fi ibi orúkọ sílẹ̀ lófo. Ó ní bó bá jẹ́ pé bí ẹ̀gbọ́n yín ti kú nìyẹn, kí àwọn ọmọ tó bí náà lọ yẹ ọkàn wọn wò, nítorí ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè má sí níbẹ̀, ẹ̀rọ ló máa sọ. Ó ní ọmọ mélòó ló bí. Mo ní ẹyọ kan ṣoṣo.

Nígbà tí o wà nílé ìwé ní Ayétòrò, ọjọ́ tí ẹ ń sáré ìje, tí o ṣubú kí o tó dé orí ìlà, kí ni wọ́n wí? Wọ́n ní ebi ni. Nígbà tí o lóyún Joy, tí o ṣubú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní Ẹ̀mí ló bà lé ọ, wọ́n ń kọrin yí ọ ká! Ó lè jẹ́ ebi. Ó lè jẹ́ oyún ló ṣe é. Bó bá sì jẹ́ Ẹ̀mí, mo kí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí o dá maṣíìnì dúró lẹ́ẹ̀kan, tí o dìde, mo rí ọ. O di etí tábìlì mú, o pajú dé, o ń dúró kí nǹkan kan kọjá. O rò pé mi ò rí i nítorí pé mò ń pariwo? Mo ti rí ọwọ́ yẹn rí, lára igi kòkó.

Ẹ̀ẹ̀mélòó lóṣù yìí? Má purọ́ fún mi, mo ti gbọ́ irọ́ àwọn dẹ́rẹ́bà láti ibí dé Máídúgùrì.

Háà, ó tó bẹ́ẹ̀!

Ta lo sọ fún? Kò sí? Kò sí ẹnikẹ́ni? Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́ lóòótọ́!

Rárá. Rárá o. Mi ò ní ṣèlérí. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lẹ́nu mi, Gbémisọ́lá, mi ò dákẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé, bí o kò bá tẹ̀lé mi, màá dúró sí oríta Ìkòrò yìí, màá ké e fún ọlọ́kadà, fún onígààrí, fún àlùfáà yín, títí wọn á fi gbé ọ sọ́kọ̀ fún mi. Ti ṣọ́ọ̀bù yìí. Ọkọ̀ Adó ń pe èrò nísàlẹ̀ níbẹ̀. Pe Joy, kó wọ bàtà, kí wọ́n yẹ ọkàn tirẹ̀ náà wò. Bí o kò bá tíì fẹ́ kó fara kàn mí, kò burú, èmi á jókòó níwájú lọ́dọ̀ dẹ́rẹ́bà, ẹ̀yin méjèèjì á wà lẹ́yìn.

Òjó ńkọ́? Kí Òjó máa lá irin rẹ̀ lọ.

Dúró ná. Gba èyí. Bọ́tìnnì ọmọ rẹ ni, mo ṣà á nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nígbà tí gbogbo yín sá, ó ti wà lápò mi látìgbà náà. Ìwọ kọ́ lò ń rán aṣọ? Rán an padà kí a tó lọ, kí ọmọ má rin ìrìn àjò pẹ̀lú àyà ṣíṣí.

Sì gbé omi yẹn padà wá. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa mu ún. Má wá ife kejì, ẹyọ kan tó. Ìwọ kọ́kọ́ mu.